Berlin fún ìgbà àkọ́kọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ọ̀dọ́ tó gbé báàgì kọ́yìn

Ìbéèrè kan náà ló ń ti ẹnu oríṣiríṣi èèyàn jáde, mo bá kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó lọ́ràn nínú wà nísàlẹ̀. Owó ọkọ̀ tí mo bá dárúkọ lè ti gbé díẹ̀ sí i kí o tó débẹ̀, torí wọn kì í pẹ́ fi nǹkan lé e.

Ṣé mo nílò físà?

Ìwé ìrìnnà tó wà lọ́wọ́ rẹ ló máa sọ. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí ọmọ wọn ń wọ Jámánì láìgba físà. Àwọn yòókù ń gba físà Schengen, èyí tó ń fún èèyàn ní ọjọ́ 90 ó pọ̀ jù láàárín ọjọ́ 180, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 29. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà ti di yúrò 90 láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Wọ́n tún máa ń bèèrè ìwé adójútòfò tó lè gbé ìnáwó ilé ìwòsàn tó tó yúrò 30,000, ó kéré tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n lọ ń tọrọ físà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí o máa pẹ́ sí jù ni kí o lọ bá. Tí ọjọ́ tí o máa lò ní ibi méjì bá dọ́gba, èyí tí o máa kọ́kọ́ wọ̀ ni. Má tìtorí pé ẹnìkan ní ti ibì kan máa ń yá kí o lọ gbà á níbẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé Berlin lò ń lọ. Ìbéèrè tí wọ́n máa bi ọ́ lẹ́nu ibodè kì í dùn ún dáhùn. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò lo ti lè fi ìwé sílẹ̀, má sì jẹ́ kó dín ní ọjọ́ 15.

Ọjọ́ mélòó ló tó?

Mẹ́rin. Ẹni tó bá ní méjì péré, kó tọ ipa Ògiri Berlin, èyí tó pín ìlú sí méjì nígbà kan, kó fi mùsíọ́mù sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Berlin kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn já láàárọ̀ kan. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 891 níbùú lóròó, kò sì ní àárín kan ṣoṣo. Ìlú méjì ni fún ọdún 28 tí Ògiri fi wà, kálukú sì kọ́ àárín tirẹ̀: Alexanderplatz ní ìlà-oòrùn, agbègbè Zoologischer Garten ní ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyẹn tí àlejò fi máa ń dúró sí ojúde kan, tó ń wò yí ká, tó ń bèèrè pé ìlú dà. Ibi tó wà yẹn náà ni ìlú.

Ìgbà wo lọ́dún ló dára jù?

Oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án. Lóṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Lóṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú. Oṣù Kìíní àti Kejì ni owó ibùsùn máa ń wálẹ̀ jù, ṣùgbọ́n òtútù á gba àǹfààní ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ.

Báwo ni mo ṣe máa dé ìgboro láti pápá ọkọ̀ òfurufú?

Pápá ọkọ̀ òfurufú kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni BER, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà lábẹ́ ilé náà gan-an. FEX àti àwọn ọkọ̀ RE ló ń yára dé. S9 ń dúró káàkiri. Owó kan náà ni gbogbo wọn, kò sí pé èyí tó yára wọ́n ju èkejì lọ. Kí o sáà ti mọ̀ pé ẹkùn C ni pápá náà wà. Tíkẹ́ẹ̀tì ABC ni kí o rà, kì í ṣe AB.

Tíkẹ́ẹ̀tì wo ni kí n máa rà nígboro?

Ẹkùn A ni ohun tó wà nínú òbìrí tí ọkọ̀ S41 àti S42 ń yí po, B ni ìyókù ìlú, C ni ìta ìlú. Tíkẹ́ẹ̀tì AB ti tó fún ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò fẹ́ ṣe. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lo máa fi wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ (U-Bahn), S-Bahn, bọ́ọ̀sì àti tráàmù.

Tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà kan, tó tó bíi yúrò 4, ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì ní ìhà kan ṣoṣo. O lè sọ̀kalẹ̀, o lè wọ òmíràn, ṣùgbọ́n o kò lè fi padà síbi tí o ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ibùdó mẹ́ta péré lórí ọkọ̀ ojú irin, tàbí mẹ́fà lórí bọ́ọ̀sì tàbí tráàmù, bèèrè Kurzstrecke, ó dínwó. Tí o bá mọ̀ pé o máa wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan, tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí 24 ló ṣànfààní. Ìgbà tí o bá lu òǹtẹ̀ sí i ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọ̀gànjọ́ òru.

Àwọn tó fẹ́ lo oṣù kan máa ń gbọ́ nípa Deutschlandticket, tó ń gbé èèyàn kiri gbogbo Jámánì lórí àwọn ọkọ̀ tí kì í sáré púpọ̀. Ó dára gan-an. Àmọ́ oṣooṣù ló ń yọwó fúnra rẹ̀ lára àpò rẹ ní báńkì. Tí o kò bá fagi lé e kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù, ó ti di pé o san ti oṣù tó ń bọ̀ náà nìyẹn, yálà o wà níbẹ̀ tàbí o ti padà sílé.

Kò sí géètì ní ibùdókọ̀. Ta ló máa mọ̀ tí n kò bá sanwó?

Ẹni tó jókòó tì ọ́. Àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò kì í wọ aṣọ iṣẹ́ nígbà púpọ̀, yúrò 60 sì ni owó ìtanràn.

Èmi náà ti san án rí, tíkẹ́ẹ̀tì sì wà lọ́wọ́ mi. Mo rà á nídìí ẹ̀rọ, mo fi sápò, mo wọkọ̀. Obìnrin kan tó ti ń ka ìwé láti ibùdó mẹ́ta sẹ́yìn pa ìwé dé, ó fa káàdì yọ lábẹ́ ẹ̀wù, ó yí tíkẹ́ẹ̀tì mi síwá sẹ́yìn, ó ní òǹtẹ̀ dà. N kò mọ ohun tó ń jẹ́ òǹtẹ̀. Ó nawọ́ sí àpótí kékeré kan lórí òpó níta fèrèsé, a sì ti ń kọjá lọ.

Àpótí yẹn ni kí o máa wá. Ó lè pupa, ó lè ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ní ihò tóóró kan. Ti tíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, á dún gbì, á tẹ ọjọ́ àti aago sí i. Ibi tí èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin ló wà, kí o tó wọlé. Ti bọ́ọ̀sì àti tráàmù wà nínú ọkọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì orí fóònù kò nílò òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n kí o ti rà á kí ẹsẹ̀ rẹ tó wọnú ọkọ̀. Má bẹ̀rẹ̀ sí í rà á nígbà tí o bá rí wọn lókèèrè, aago wà lára rẹ̀. “Àlejò ni mí” kì í ṣe àwíjàre lọ́dọ̀ wọn.

Níbo ni kí n sùn sí?

Inú òbìrí ẹkùn A. Họ́sítẹ́ẹ̀lì pọ̀ ní Mitte, Friedrichshain, Kreuzberg àti Prenzlauer Berg. Ẹni tó fẹ́ràn òru àti ariwo, Friedrichshain àti Kreuzberg ni tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sùn, kó lọ sí Prenzlauer Berg. Mitte ló sún mọ́ ohun gbogbo, òun náà ló sì máa ń wọ́n jù.

Mú àgádágodo tìrẹ dání. Àpótí wà nínú yàrá tí wàá kó ẹrù sí, ṣùgbọ́n àwọn kan ń ta àgádágodo fún ọ ní iye tó ń dunni. Kíyè sí i pé ìjọba ìlú ń gba owó orí lórí ibùsùn, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 2025, ó sì lè má sí nínú iye tí o rí nígbà tí o ń wá yàrá. Tí ọkọ̀ rẹ bá dé láàárọ̀ tí yàrá kò tíì ṣófo, gbé báàgì sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tàbí kí o fi sí àpótí ẹrù ní Hauptbahnhof, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá.

Ṣé káàdì ti tó, àbí kí n mú owó lọ́wọ́?

Mú méjèèjì. Àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké, ilé ọtí àti ọjà àlòkù ṣì wà tó jẹ́ owó pépà nìkan ni wọ́n mọ̀; wọ́n á kọ “Nur Barzahlung” sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ibì kan tún wà báyìí tó jẹ́ káàdì nìkan. Yúrò 50 nínú àpò, kó jẹ́ owó kéékèèké, ti gbà ọ́ lọ́wọ́ ìtìjú. Tọ́jú owó onírin kan tàbí méjì fún ilé ìtọ̀ nínú ibùdókọ̀, torí bíi yúrò kan ni wọ́n ń gbà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó nílé oúnjẹ?

Agbáwo kò ní gbé ìwé owó wá àfi tí o bá bèèrè. Tí ẹ bá pọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni “Zusammen oder getrennt?”, pé ṣé papọ̀ ni àbí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ẹni tí yóò bínú tí ẹ bá ní lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Á dúró níbẹ̀, á gba ti kálukú.

Ohun tí a bá fẹ́ fi ta agbáwo lọ́rẹ, ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, a kì í fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Iye tí o fẹ́ san lápapọ̀ ni kí o pè. Ká ní oúnjẹ jẹ́ yúrò 18.40, o na yúrò 50, o ní “20”, á fún ọ ní 30. Ṣọ́ra fún “Danke” (o ṣeun) o. Tí o bá ń nawọ́ owó sí i tí o sì sọ pé “Danke”, ó lè gbà pé kí òun mú ṣéńjì ni o wí. Na owó ná, gba ṣéńjì, kí o tó dúpẹ́.

Oúnjẹ wo ni kò ní jẹ mí lówó?

Döner, búrẹ́dì tí wọ́n kó ẹran tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sí, ni oúnjẹ ojú títì ibẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì tó wá ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Berlin ló sọ ọ́ di ti gbogbo ìlú. Ẹran màlúù tàbí adìyẹ ló sábà máa ń jẹ́, bíi yúrò 7 tàbí 8 sì lo máa san. Tẹ́lẹ̀ rí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń ráhùn lórí ẹ̀ bí ẹni pé ẹbí wọn ló kú. Currywurst, sọ́séèjì tí wọ́n da ọbẹ̀ tòmátì àti kọ́rì lé, Herta Heuwer ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Charlottenburg lọ́dún 1949. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kó bèèrè kó tó fi kẹnu.

Ìyókù, súpámákẹ́ẹ̀tì. Mú ike tàbí àpò rírà tìrẹ lọ, kí o sì múra sílẹ̀ láti kó ẹrù rẹ kíákíá lẹ́nu kàǹtà, torí akápò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ṣé omi ẹ̀rọ ṣeé mu? Kí ni wọ́n ń pè ní Pfand?

Ó ṣeé mu dáadáa. Gbé ìgò omi dání, máa bù sí i. Nílé oúnjẹ, tí o bá kàn pe omi, èyí tí wọ́n ń tà ni wọ́n máa gbé wá.

Pfand ni owó ìgò. Ike omi àti agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò jẹ́ sẹ́ǹtì 25, ọ̀pọ̀ ìgò bíà jẹ́ sẹ́ǹtì 8. Ẹ̀rọ kan wà nínú súpámákẹ́ẹ̀tì tó máa gbé ìgò mì, tó máa pọ ìwé fún ọ, wàá sì fi ìwé ọ̀hún gbowó lẹ́nu kàǹtà. Má fún ike mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ kò ní gbà á mọ́. Tí ó bá ti rẹ̀ ọ́ láti máa ru ìgò kiri, má sọ ọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n. Àwọn èèyàn wà tó ń fi owó ìgò jẹun, tí kò sì yẹ kó jẹ́ pé wọ́n á máa ti ọwọ́ bọ ìdọ̀tí nítorí sẹ́ǹtì 25.

Mo máa dé lọ́jọ́ Àìkú. Ṣé lóòótọ́ ni gbogbo ilé ìtajà máa ń tì?

Òótọ́ ni. Súpámákẹ́ẹ̀tì, ilé aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló ń tì, àyàfi àwọn ọjọ́ Àìkú díẹ̀ lọ́dún. Ohun tó ń ṣí ni ìsọ̀ inú àwọn ibùdókọ̀ ńlá bíi Hauptbahnhof àti Friedrichstraße, àti Späti, ìsọ̀ kékeré ẹ̀bá ọ̀nà tó ń tà di òru. Ra oúnjẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mùsíọ́mù àti ilé oúnjẹ ń ṣí. Ọjà àlòkù Mauerpark, ọjọ́ Àìkú gan-an ni tirẹ̀.

N kò gbọ́ èdè Jámánì. Ṣé mo lè rìn?

O lè rìn. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn àgbà tó dàgbà sí ìlà-oòrùn, èdè Rọ́ṣíà ni ọ̀pọ̀ kọ́ nílé ìwé, nítorí náà má rò pé ẹni tó ń mirí sí ọ ń ṣe ìkórìíra. Kí èèyàn kó o tó bi í léèrè ohunkóhun: “Hallo” nígbà tí o bá wọ ìsọ̀, “Tschüss” nígbà tí o bá ń jáde. Wọ́n kì í rẹ́rìn-ín sí ẹni tí wọn kò mọ̀. Wọ́n sì lè tẹjú mọ́ ọ nínú ọkọ̀ títí o fi máa rò pé nǹkan ta sí ọ lójú. Bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn náà nìyẹn.

Síìmù ńkọ́?

Ìwé ìrìnnà ni wọ́n máa fi forúkọ rẹ sílẹ̀ kí síìmù tó ṣiṣẹ́. Òfin ni, láti ọdún 2017. Tí fóònù rẹ bá gba eSIM, rà á kí o tó gbéra.

Kí ni mo lè rí láìsanwó?

Ó pọ̀ ju ohun tí o lè rí tán lọ. Òrùlé onígíláàsì Reichstag, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò gba kọ́bọ̀. Norman Foster ló ya àwòrán rẹ̀, ọdún 1999 ni wọ́n sì ṣí i. Wàá máa rìn yípo lókè, àwọn aṣòfin á wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni o ti gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, ó sì máa ń kún. Ṣe é lọ́jọ́ tí o bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, mú ìwé ìrìnnà dání lọ́jọ́ náà. Lójú tèmi, ó sàn ju kí o sanwó gun Fernsehturm, ilé-ìṣọ́ tẹlifíṣọ̀n tó ga ní mítà 368, torí ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ ò lè rí òun fúnra rẹ̀, òun sì ni ohun tó lẹ́wà jù lójú sánmọ̀ Berlin.

Bọ́ọ̀sì 100 ń ti Alexanderplatz lọ sí Zoologischer Garten, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ Museum Island, Unter den Linden, Reichstag àti igbó Tiergarten kọjá. Tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni. Jókòó sókè níwájú.

Tempelhofer Feld, má fò ó. Pápá ọkọ̀ òfurufú ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Soviet dí gbogbo ọ̀nà tó wọ ìwọ̀-oòrùn Berlin lọ́dún 1948 sí 1949, ibẹ̀ wà lára ibi tí ọkọ̀ òfurufú ti ń já oúnjẹ àti èédú sílẹ̀ fún ìlú. Wọ́n tì í lọ́dún 2008, wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé lọ́dún 2010, nígbà tí ìjọba sì fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, àwọn ará ìlú dìbò lọ́dún 2014 pé kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Lónìí, ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ibi tí ọkọ̀ òfurufú ti ń sáré.

Níbo ni Ògiri Berlin wà gan-an?

Ibi tí gbogbo èèyàn ń lọ ni Checkpoint Charlie, ibodè àtijọ́ láàárín ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ìlú, ibẹ̀ ni mo sì máa ń sọ pé kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò sí. Ilé ẹ̀ṣọ́ tó wà láàárín títì níbẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, àfarawé ni. Ojúlówó wà nínú mùsíọ́mù ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ìlú. East Side Gallery dára fún fọ́tò: Ògiri gidi ni, ó gùn tó kìlómítà 1.3, ọdún 1990 ni àwọn ayàwòrán kùn ún.

Ṣùgbọ́n Bernauer Straße ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa yé ọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Lójú pópó yìí, ilé wà ní ìlà-oòrùn, iwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ti di ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí ibodè lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1961, èèyàn ń bẹ́ láti ojú fèrèsé sórí títì. Wọ́n dá apá kan Ògiri sí pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gun ilé-ìṣọ́ tó wà ní òdìkejì títì, kí o bojú wolẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fọkàn rò ni ògiri kan ṣoṣo. Méjì ni, pẹ̀lú ilẹ̀ gbalasa láàárín níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn. Ó kéré tán, èèyàn 140 ló kú nídìí Ògiri kó tó ṣí lọ́jọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1989.

Kí o tó kúrò níbẹ̀, wọ inú ibùdókọ̀ Nordbahnhof. Fún ọdún 28, ọkọ̀ ojú irin ìwọ̀-oòrùn ń gba abẹ́ ìlà-oòrùn kọjá láìdúró ní àwọn ibùdó tí wọ́n ti dí pa, tí iná wọn ń mọ́ bàìbàì, tí sójà ń ṣọ́. Àfihàn ìtàn náà wà lára ògiri ibẹ̀. Káàkiri ìgboro, tí o bá rí òkúta ìlà méjì tí wọ́n tẹ́ sójú títì, tó gba àárín ọ̀nà kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀, ipa Ògiri nìyẹn. Gbé ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, èkejì sọ́hùn-ún.

Ṣé Museum Island yẹ fún owó mi?

Mùsíọ́mù márùn-ún ló wà lórí erékùṣù yẹn, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1999. Tí o bá máa wọ ọ̀kan, wọ Neues Museum, níbi tí ère orí Nefertiti, ayaba Íjíbítì àtijọ́, wà. Wọn kì í jẹ́ kí a ya fọ́tò nínú yàrá rẹ̀. Pergamon, ọ̀kan lára márùn-ún yẹn, ti tì láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 fún àtúnṣe, nítorí náà má tìtorí rẹ̀ wá. Ìwé atọ́nà àtijọ́ á sọ fún ọ pé ọ̀fẹ́ ni lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ìyẹn ti parí ní òpin ọdún 2024. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó. Ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù sì máa ń tì lọ́jọ́ Ajé.

Mo ní ọjọ́ kan tó ṣẹ́kù. Níbo ni kí n lọ?

Tíkẹ́ẹ̀tì ABC kan náà lè gbé ọ lọ sí ibi méjì tí kò jọra rárá. Potsdam ní ààfin Sanssouci àti ọgbà rẹ̀, àti Cecilienhof, níbi tí àwọn olórí Amẹ́ríkà, Soviet àti Gẹ̀ẹ́sì ti pàdé lọ́dún 1945 lẹ́yìn ogun. Oranienburg, ní ìparí S1, ní Sachsenhausen, àgọ́ ìfìyàjẹni tí ìjọba Násì dá sílẹ̀ lọ́dún 1936. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kò gba owó. Ya odidi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un, má sì ṣètò àríyá kankan sí alẹ́ ọjọ́ náà.

Orí ń fọ́ mi. Níbo ni mo ti lè ra oògùn?

Apotheke, ilé tó ní lẹ́tà A pupa ńlá níwájú. Súpámákẹ́ẹ̀tì kì í ta oògùn ìrora, ti parasítámọ̀ náà wà nínú ẹ̀. Lóru tàbí lọ́jọ́ Àìkú, wo ẹnu ọ̀nà Apotheke èyíkéyìí. Wọ́n á kọ èyí tó ṣí nítòsí síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, 112. Ọlọ́pàá ni 110.

Ṣé ìlú náà léwu?

Fún ìlú tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kò léwu púpọ̀. Gbéwiri ni ìṣòro, pàápàá nínú ọkọ̀ tó kún. Gbé báàgì síwájú àyà. Ẹni tó bá na ìwé sí ọ ní Museum Island pé kí o fọwọ́ sí i, má dúró. Àwọn tó ń fi ife mẹ́ta yí bọ́ọ̀lù kékeré lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tó ń jẹ níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Ohun tó tún lè pa ọ́ lára ni kẹ̀kẹ́. Ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ máa ń gba orí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn, ó sábà máa ń pupa díẹ̀. Aago kẹ̀kẹ́ á kọ́kọ́ dún, èébú á tẹ̀ lé e. Má sì sọdá nígbà tí iná bá pupa fún ẹlẹ́sẹ̀, bí ọkọ̀ kankan kò tilẹ̀ sí. Tí ọmọdé bá wà nítòsí, ìyá rẹ̀ máa bá ọ wí lójú gbogbo èèyàn.

Báwo ni mo ṣe máa wọ kíláàbù?

Kò sẹ́ni tó lè fún ọ ní ìdánilójú. Ẹ má pọ̀ lọ, ẹ má pariwo lórí ìlà, ẹ má mutí yó débẹ̀. Mú owó pépà àti ìwé ìdánimọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á fi sítíkà bo kámẹ́rà fóònù rẹ; tí o bá ṣí i láti ya fọ́tò, ìta ni. Tí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni, má bèèrè ìdí. Wọn kì í fi techno, orin àwọn kíláàbù ọ̀hún, ṣeré níbẹ̀: lóṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n kọ ọ́ mọ́ àṣà àjogúnbá Jámánì. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ń rìn mọ́jú lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ yòókù, bọ́ọ̀sì òru tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N ni kí o wá.

Wọ́n ní igbó ti bófin mu. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdajì òótọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ẹni tó ti pé ọdún 18 lè mú tó gíráàmù 25 rìn. Ṣùgbọ́n títà rẹ̀ lójú pópó ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹgbẹ́ tí òfin gbà láyè láti gbìn ín kò sì gba ẹni tí kò tíì gbé Jámánì fún oṣù mẹ́fà. Ìyẹn ni pé àlejò lè ní in lọ́wọ́, kò sì sí ibi tó ti lè rà á. Àwọn tó máa ń pòṣé sí ọ ní Görlitzer Park kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé e kọjá ibodè.

Fọ́tò wo ni kò yẹ kí n yà?

Ní ẹ̀gbẹ́ Brandenburger Tor, ibi ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa ní Yúróòpù wà, òkúta kọnkéré 2,711, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2005. Wọ́n dà bí ìjókòó, wọn kì í ṣe ìjókòó. Má bẹ́ lórí wọn, má jókòó jẹ búrẹ́dì sórí wọn.

Má sì gbé ọwọ́ sókè bíi ti Hitler, kódà ká ní àwàdà ni. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ta tàbí owó ìtanràn ni òfin fi tì í. Lọ́dún 2017, arìnrìn-àjò méjì ṣe é níwájú Reichstag fún fọ́tò, ọlọ́pàá mú wọn, kálukú sì san yúrò 500 kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀.

Ọlọ́pàá dá mi dúró, n kò ṣe nǹkan kan. Kí ni kí n ṣe?

Àwọn ibì kan wà ní Berlin, irú bí Alexanderplatz, Kottbusser Tor àti Görlitzer Park, tí òfin ti gba ọlọ́pàá láyè láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìní ìfura kan pàtó. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń dá dúró jù, èmi kò sì ní sọ pé irọ́ ni. Fi ìwé hàn, dáhùn ohun tí wọ́n bi ọ́ nípa orúkọ àti ibi tí o ń gbé, má fi ọwọ́ kàn wọ́n. O lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìdí, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ lórí ìyókù. Má san owó fún ẹnikẹ́ni lójú títì. Ẹni tó bá ní ọlọ́pàá ni òun, tó sì fẹ́ yẹ àpò owó rẹ wò, ó lè jẹ́ olè.

Ìwé ìrìnnà mi ti sọnù!

Lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ọ, fẹjọ́ sùn, gba ìwé tí wọ́n bá kọ fún ọ. Ìwé yẹn ni wàá mú lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ. Ibi tí olú ìlú ti sàn ju ìlú yòókù nìyẹn, torí Berlin náà ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ọ̀pọ̀ kì í ṣí lọ́sàn-án, wọn kì í sì í ṣí lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà pè wọ́n kí o tó lọ. Kí o tó kúrò nílé, ya fọ́tò ojú ewé àkọ́kọ́ àti ti físà, fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ. Fóònù àti ìwé ìrìnnà sábà máa ń wà nínú báàgì kan náà.